Yíyan Ojúlówó Asẹ́ Ọ́ìlì fún Ẹ́ńjìnì Ọkọ̀

Ọ̀rọ̀ tí a ó gbé yẹ̀ wò ní alẹ́ òní lè dà bí ọ̀rọ̀ àwọn mẹkáníìkì nìkan létí àwọn kan. Wọ́n lè máa wí pé, kí ni olùkọ́ èdè ń wá nídìí ẹ́ńjìnì ọkọ̀? Bí ẹ bá fara balẹ̀ gbọ́ mi, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ kan ni ó dá púpọ̀ nínú wàhálà ibẹ̀ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni "ojúlówó". Ẹni tí ń tajà ń pè é, ẹni tí ń rajà ń béèrè rẹ̀, mẹkáníìkì sì ń fi í búra. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tí olúkúlùkù fún un kò dọ́gba. Níbi tí ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kò bá ti dọ́gba lọ́jà, ẹni tí owó ń ti àpò rẹ̀ jáde ni ìyà máa ń jẹ.

Ohun tí a ó fi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò ni asẹ́ ọ́ìlì, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní ọ́ìlì fílítà. Agolo kékeré ni, kò ju ohun tí ọwọ́ kan lè gbá mú lọ, a sì máa ń yí i mọ́ ara ẹ́ńjìnì ní ibi tí ojú kì í tètè tó.

Àdúgbò Okota ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Okota wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá ti Okota jáde sí Cele, ojú ọ̀nà márosẹ̀ Òṣòdì sí Àpápá ni ó bọ́ sí. Bí ó bá kọrí sí Òṣòdì, kò ní pẹ́ tí yóò fi dé ẹ̀gbẹ́ Ládípọ̀, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ tí òkìkí rẹ̀ ti kàn jìnnà. Ẹni tí ń gbé irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ kò lè sọ pé òun kò rí ohun tí òun fẹ́ rà. Àǹfààní ni èyí, ewu sì ni pẹ̀lú, nítorí pé ibi tí ọjà rere bá pọ̀ sí ni ayédèrú máa ń fara pamọ́ sí.

Bí ọlọ́kọ̀ bá fẹ́ ra odindi ẹ́ńjìnì, yóò mú ẹni tí ó mọ̀ ọ́n dání lọ sí ọjà. Ṣùgbọ́n bí ó bá di ti asẹ́ ọ́ìlì, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì ni a ń na owó sí pé kí ó sáré lọ rà á wá. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì, nítorí náà a gbà pé òun pàápàá kò tó nǹkan. Àṣìṣe ńlá ni. Ọkọ̀ tí olùkọ́ yá owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti rà, ẹ́ńjìnì rẹ̀ lè nọ́ọ̀kì kí gbèsè náà tó tán. Awakọ̀ dánfó tí ń gbé èrò láti Cele lọ sí Òṣòdì, ọjọ́ tí ẹ́ńjìnì rẹ̀ bá dákẹ́ ni ìkòkò ọbẹ̀ ilé rẹ̀ náà dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí asẹ́ yìí ń ṣe. Inú ẹ́ńjìnì kún fún irin tí ń yí lórí irin. Bí ọkọ̀ bá ń sáré níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ọ̀pá ńlá tí àwọn písítìnì ń yí a máa yí ní ìgbà 2,000 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ láàárín ìṣẹ́jú kan. Bí irin bá ń ha irin ní irú eré bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tí wọn yóò fi gan mọ́ ara wọn. Ọ́ìlì tí ó tẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sí àárín wọn ni kò jẹ́ kí èyí ṣẹlẹ̀. Ọ́ìlì ni ó ń mú kí irin máa yọ̀ lórí irin. Òun ni ó ń gbé ooru kúrò. Òun náà ni ó sì ń kó ìdọ̀tí: èérí tí iná ń fi sílẹ̀, eruku tí ó bá afẹ́fẹ́ wọlé, pàápàá ní ìgbà ọyẹ́, àti èérún irin tí ń bó lára ẹ́ńjìnì fúnra rẹ̀. Ohun tí ń kó ìdọ̀tí kiri gbọ́dọ̀ ní ibi tí yóò ti máa sọ ọ́ kalẹ̀. Ibẹ̀ ni asẹ́.

Èdè wa ti la ọ̀rọ̀ yìí yé wa tipẹ́. A kì í sẹ́ èlùbọ́, a kì í sì í jọ ògì pẹ̀lú ajọ̀. Ohun gbígbẹ ni à ń jọ̀; ohun tí omi wà nínú rẹ̀ ni à ń sẹ́. Obìnrin tí ń sẹ́ ògì mọ̀ pé ọ̀nà méjì ni asẹ́ lè gbà já òun kulẹ̀. Bí ojú asẹ́ bá fẹ̀ jù, èèrí yóò bá ògì lọ. Bí ojú rẹ̀ bá dí jù, omi kò ní kọjá, ohun tí à ń sẹ́ yóò sì kún dànù. Bákan náà ni asẹ́ ọ́ìlì: ó gbọ́dọ̀ dá ìdọ̀tí dúró, kò sì gbọdọ̀ dá ọ́ìlì dúró. Ẹni tí ó bá ń ta asẹ́ tí ó sì ń yangàn pé ojú rẹ̀ dí púpọ̀, ìlàjì iṣẹ́ ni ó sọ.

Ìdọ̀tí tí à ń wí yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ìka fọwọ́ bà. Àwọn onímọ̀ ń fi ìwọ̀n tí ń jẹ́ máíkírọ́ònù wọ̀n ọ́n. Bí a bá pín mìlímítà kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1,000, ìdá kan nínú rẹ̀ ni máíkírọ́ònù kan. Irun orí ènìyàn kan nípọn tó nǹkan bí máíkírọ́ònù 70. Ìdọ̀tí tí ó wà láàárín máíkírọ́ònù 5 sí 30, èyí tí ojú lásán kò lè rí, wà lára àwọn tí ń jẹ ẹ́ńjìnì jù lọ. Ó kéré tó láti wọ àlàfo tí ó wà láàárín irin méjì, ó sì tóbi tó láti máa họ wọ́n bí ẹni fi iyanrìn fọ ìkòkò. Nítorí náà, mẹkáníìkì tí ó ta ọ́ìlì sí àtẹ́lẹwọ́, tí ó fi ìka pa á, tí ó sì wí pé "ó ṣì mọ́", kò tíì sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọkọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé, kò sí asẹ́ ọ́ìlì gidi nínú rẹ̀. Ní ọdún 1923 ni Ernest Sweetland àti George Greenhalgh ní Amẹ́ríkà ṣe asẹ́ tí wọ́n pè ní Purolator. Àwa náà rí ìyípadà yìí nílẹ̀ wa. Ọkọ̀ Volkswagen tí àwọn ènìyàn wa sọ ní ìjàpá, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò pọ̀ ní Èkó ní ọdún 1975, kò ní ju asẹ́ wáyà lọ nísàlẹ̀ ẹ́ńjìnì rẹ̀. Peugeot 504 tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975 kan náà ní asẹ́ tí a ń yí mọ́ ara ẹ́ńjìnì. Àwọn kan ṣì máa ń wí pé ìjàpá kò lo asẹ́, síbẹ̀ ó pẹ́ láyé. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n wọ́n gbàgbé pé lemọ́lemọ́ ni a ń da ọ́ìlì ìjàpá nù nítorí àìní asẹ́ yìí gan-an. Ẹ́ńjìnì òde òní kò ṣe é fi irú ìyẹn wé, nítorí àlàfo inú rẹ̀ há púpọ̀.

Bí a bá fi ayùn irin la agolo asẹ́ kan, ohun tí a óò rí nìyí. A óò rí bébà pàtàkì kan tí a ṣẹ́ léra bí abẹ̀bẹ̀ tí àwọn ọmọ iléèwé máa ń fi ìwé ṣe, kí bébà gígùn lè gba inú agolo kékeré. Ní àárín rẹ̀ ni ọ̀pá oníhò kan wà tí kò jẹ́ kí bébà náà wó. Àwọn ihò wẹ́wẹ́ tí ó yí ẹnu agolo ká ni ọ́ìlì ń gbà wọlé. Yóò gba ara bébà kọjá sí àárín, yóò sì gba ihò ńlá jáde padà sínú ẹ́ńjìnì. Bí bébà bá pọ̀, tí ìṣẹ́po rẹ̀ dọ́gba, tí a sì lẹ̀ ẹ́ dáadáa ní orí àti ìdí, yóò gba ìdọ̀tí púpọ̀ kí ó tó dí. Bí kò bá pọ̀, tàbí tí àlàfo wà níbi tí a lẹ̀ ẹ́ sí, ọ́ìlì yóò gba ẹ̀bùrú, kò sì ní gba inú bébà rárá.

Lẹ́yìn bébà, ìlẹ̀kùn kékeré méjì wà tí ọ̀pọ̀ ọlọ́kọ̀ kò mọ̀ nípa wọn. Èkínní jẹ́ rọ́bà pẹlẹbẹ tí kò jẹ́ kí ọ́ìlì ṣàn padà nígbà tí a bá pa ẹ́ńjìnì. Bí rọ́bà yìí bá ti le tàbí tí ó ti ká kò, agolo yóò gbẹ mọ́jú, ẹ́ńjìnì yóò sì yí láìsí ọ́ìlì fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ní òwúrọ̀. Ẹ óò gbọ́ ariwo gbàlàgbàlà, iná pupa ọ́ìlì yóò sì pẹ́ kí ó tó kú. Rọ́bà tí a fi sílíkóònù ṣe máa ń fara da ooru ju rọ́bà lásán lọ. Ìlẹ̀kùn kejì ní irin títa kan lẹ́yìn. Bí bébà bá dí, tàbí tí ọ́ìlì bá ki, ìlẹ̀kùn yìí yóò ṣí, kí ọ́ìlì lè kọjá láìgba inú bébà. Ó sàn kí ẹ́ńjìnì rí ọ́ìlì tí a kò sẹ́ ju kí ó má rí rárá. Ṣùgbọ́n bí irin títa náà bá rọ̀ jù, ìlẹ̀kùn yóò máa ṣí nígbà gbogbo, asẹ́ náà yóò sì di asẹ́ orúkọ lásán. Nínú àwọn ọkọ̀ kan, ara ẹ́ńjìnì ni wọ́n fi ìlẹ̀kùn kejì yìí sí, asẹ́ wọn kò sì ní i. Ìdí nìyí tí agolo méjì fi lè jọra lójú kí wọ́n má sì jọra níṣẹ́. Ọ̀pọ̀tọ́ a máa pọ́n lẹ́yìn, kí kòkòrò kún inú rẹ̀.

Ó wá di dandan kí a padà sí ọ̀rọ̀ wa, "ojúlówó". Lẹ́nu àwọn ènìyàn, ó kéré tán, ìtumọ̀ mẹ́ta ni ó ní. Ìtumọ̀ kìn-ín-ní ni asẹ́ tí ó wà nínú páálí ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ọkọ̀ náà. Ìkejì ni asẹ́ tí ilé iṣẹ́ tí a mọ̀ mọ asẹ́ ṣíṣe ń tà lórúkọ ara rẹ̀. Irú wọn ni Mann, Mahle àti Denso, tí wọ́n ń ṣe ohun èlò fún àwọn tí ń ṣe ọkọ̀. Ìkẹta ni ohunkóhun tí ó bá ti jẹ́ tuntun, tí kì í ṣe tòkunbọ̀. Ẹni tí ó ń béèrè èkínní, tí òǹtajà sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú ìkẹta, ẹnikẹ́ni nínú wọn lè má purọ́, síbẹ̀ wọn kò gbọ́ ara wọn yé.

Ìyàtọ̀ mìíràn wà tí èdè wa mọ̀, tí àwa sì ń gbàgbé. Gbàrọgùdù kì í ṣe ayédèrú. Gbàrọgùdù ni ohun tí kò dára, àmọ́ tí ó ń jẹ́ orúkọ ara rẹ̀. Ayédèrú ni ohun tí ó jí orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, ì báà dára, ì báà má dára. Bẹ́ẹ̀ ni asẹ́ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n kì í ṣe gbàrọgùdù ní tipátipá, èyí tí ó wọ́n jù kò sì di ojúlówó nítorí owó rẹ̀. Olùkọ́ tí owó oṣù rẹ̀ kò pọ̀ lè ra asẹ́ tí kò wọ́n láti ilé iṣẹ́ tí ó ń fi orúkọ ara rẹ̀ ṣòwò, kí ó sì máa pààrọ̀ rẹ̀ lásìkò. Ìyẹn sàn ju páálí olórúkọ ńlá tí a rà ní owó tí kò bá ọgbọ́n mu.

Báwo ni a ṣe ń yàn, nígbà náà? Ohun àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà. Ẹ má ṣe lọ sí ọjà pẹ̀lú orúkọ ọkọ̀ nìkan. Ọ̀pọ̀ asẹ́ Toyota ni ihò rẹ̀ jẹ́ ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ínṣì, èyí tí í ṣe mìlímítà 19.05, ọ̀pọ̀ asẹ́ Honda ni ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 20. Ojú kò lè mọ ìyàtọ̀ tí kò tó mìlímítà kan. Bí a bá yí asẹ́ tí ihò rẹ̀ fẹ̀ mọ́ ibi tí kò tóbi tó o, ó lè dà bí ẹni pé ó ti dè. Ọjọ́ tí ọ́ìlì bá fi agbára tì í lójú ọ̀nà márosẹ̀, yóò já, ọ́ìlì yóò sì dà sílẹ̀ tán kí awakọ̀ tó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bákan náà, ọ̀pọ̀ Corolla ti ọdún 2009 síwájú tí wọ́n ń kó wá láti Amẹ́ríkà kò lo asẹ́ alágolo mọ́; bébà nìkan ni à ń pààrọ̀ nínú ìdérí rẹ̀, nígbà tí ọ̀pọ̀ Corolla tí ó ṣáájú rẹ̀ ń lo agolo. Corolla ni gbogbo wọn ń jẹ́! Nítorí náà, ẹ kọ nọ́ńbà tí ó wà nínú ìwé ìtọ́ni ọkọ̀ yín sílẹ̀, kí ẹ sì fún ẹni tí ń lọ rà á. Abéèrè kì í ṣìnà.

Ohun kejì ni kí a mọ bí a ṣe ń ka ohun tí wọ́n kọ sí ara páálí. Páálí kan lè sọ pé asẹ́ inú rẹ̀ ń mú ìdá 99 nínú 100 ìdọ̀tí. Ìdọ̀tí tí ó tóbi tó kí ni? Bí ẹnìkan bá wí pé ajọ̀ òun ń mú ohun 99 nínú 100, tí kò sọ bóyá òkúta ni tàbí eruku, kò tíì sọ nǹkan kan. Ìwọ̀n máíkírọ́ònù gbọ́dọ̀ bá ìdá náà rìn. Ìlànà àgbáyé kan wà fún ìdánwò yìí, tí a ń pè ní ISO 4548. Ìpín 12 rẹ̀ ni ó sọ bí a ṣe ń ka ìdọ̀tí tí asẹ́ mú àti èyí tí ó jẹ́ kí ó kọjá. Páálí tí ó bá dárúkọ ìlànà yìí, tí ó sì fi ìwọ̀n máíkírọ́ònù sí ìdá rẹ̀, gbólóhùn rẹ̀ pé.

Ohun kẹta ni ojú àti ọwọ́. Ẹ wò ó bóyá nọ́ńbà ara páálí bá ti ara agolo mu, bóyá wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ náà láìṣì í kọ. Ẹ wo rọ́bà ẹnu agolo. Ó gbọ́dọ̀ dán, kí ó rọ̀, kí ó sì jókòó dáadáa. Ẹ wo ìlà tí a fi ń yí i. Kò gbọdọ̀ họ, ọ́ìlì kankan kò sì gbọdọ̀ wà níbẹ̀, nítorí àmì pé ẹnìkan ti lò ó rí nìyẹn. Ẹ fi iná tọ́ọ̀ṣì wo inú ihò àárín bí ó bá mọ́, kí ẹ sì mì í bóyá nǹkan ń dún nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi bí ó ti wúwo tó nìkan dájọ́. Irin agolo lè nípọn kí bébà inú rẹ̀ má pọ̀.

Ohun kẹrin ni ibi tí a ti rà á. Àjọ tí ń mójú tó ìlànà ọjà ní Nàìjíríà, èyí tí a mọ̀ sí SON, ti wà láti ọdún 1971. Ní ọdún 2005 ni ó gbé ètò SONCAP kalẹ̀, pé kí a máa yẹ ọ̀pọ̀ ọjà wò ní ilẹ̀ tí a ti ń kó wọn bọ̀. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 sì sọ pé òǹtajà gbọ́dọ̀ fún oníbàárà ní àkọsílẹ̀ ohun tí ó rà, ó sì fún oníbàárà ní ẹ̀tọ́ láti dá ọjà tí ó lábùkù padà. Ṣùgbọ́n òfin kì í sọ̀rọ̀ fún ẹni tí kò ní ẹ̀rí lọ́wọ́. Ẹ gba rìsíìtì, kí wọ́n sì kọ nọ́ńbà asẹ́ náà sí i. Òǹtajà tí ó kọ̀ láti kọ nọ́ńbà ohun tí ó ń pè ní ojúlówó ti dáhùn ìbéèrè yín.

Bí a bá ti rà á, kí a rí i pé rọ́bà asẹ́ àtijọ́ kò lẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì, nítorí rọ́bà méjì kì í gbé ojú kan kí ọ́ìlì má jò. Kí a fi ọ́ìlì díẹ̀ pa rọ́bà tuntun, kí a fi ọwọ́ yí i títí yóò fi kan ara ẹ́ńjìnì, kí a wá fún un bí ìtọ́ni ara rẹ̀ ti wí. Kí a tan ẹ́ńjìnì, kí a wo abẹ́ ọkọ̀, kí a pa á, kí a sì tún wọn ọ́ìlì.

Ìgbà wo ni a ó pààrọ̀ rẹ̀? Ìgbàkígbà tí a bá pààrọ̀ ọ́ìlì. Kí a sì rántí pé nọ́ńbà ibùsọ̀ tí ọkọ̀ ń kà kò ka wákàtí tí ẹ́ńjìnì fi ń ṣiṣẹ́ lójú kan nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Àwọn ìwé ọkọ̀ púpọ̀ ní ìlànà ọ̀tọ̀ fún ọkọ̀ tí ń rìn nínú eruku, ooru àti ìdúró-ìdúró. Irú ìrìn tí à ń rìn láàárín Okota àti Òṣòdì nìyẹn, ìlànà náà ni ó sì yẹ kí a tẹ̀ lé.

Asẹ́ àtijọ́ ńkọ́? Kí a ro ọ́ìlì inú rẹ̀ sínú kẹ́ẹ̀gì, kì í ṣe sínú gọ́tà. Lẹ́yìn náà, kí a fi òòlù lu agolo náà pa, kí ẹnikẹ́ni má baà lè kùn ún ní ọ̀dà kí ó sì tà á fún ọmọnìkejì wa.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́, iṣẹ́ wà fún yín níbẹ̀. Ẹ gba asẹ́ àlòkù méjì tàbí mẹ́ta lọ́wọ́ mẹkáníìkì, ẹ là wọ́n, ẹ ka ìṣẹ́po bébà wọn, kí ẹ sì ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ rí ní èdè Yorùbá. Ọjọ́ tí ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì bá lè fi èdè abínibí rẹ̀ sọ ohun tí ó wà nínú agolo ni yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti fi páálí dídán tàn án jẹ. Ní tèmi, ojúlówó ni ohun tí orúkọ rẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti iṣẹ́ rẹ̀ bá ara wọn mu. Èyí tí ó bá ní ọ̀kan tí kò ní èjì, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ń tà á.